Kí ni kí n fi gbé òpó ọkọ̀ mi dúró: wáyà, Dyneema, àbí okùn búlúù àwọn apẹja?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òyìnbó kan tó ń kẹ́rù padà sílé ló ta ọkọ̀ ìgbòkun rẹ̀ fún mi l'Ékòó níbí. Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18. Alumíníọ̀mù ni òpó rẹ̀, ó ga tó mítà 7. Wáyà stainless mẹ́ta ló dì í mú: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ara wáyà ṣì ń dán, ṣùgbọ́n ẹnu wọn nísàlẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Mo bi èèyàn mẹ́rin, ìdáhùn mẹ́rin ni mo gbà. Ẹni àkọ́kọ́ ní irú wáyà yẹn gan-an ni kí n tún rà. Ìkejì ní kí n lọ ra wáyà oníṣíǹkì lọ́jà, irin lásán tí wọ́n fi zinc bò, pé irin ni irin ń jẹ́. Ìkẹta, tó máa ń wo fídíò ní gbogbo òru, ní ayé wáyà ti lọ, Dyneema, okùn oníke tó lágbára bí irin, ló kù. Apẹja kan ní Makoko ni ìkẹrin, ńṣe ló rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí okùn búlúù tó fi di àwọ̀n rẹ̀. Owó mi ò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí òpó wó lu ìyàwó mi lórí. Èwo ni kí n rà?

*

Àbúrò, kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ kó tura. Àwọn òǹkàwé míì náà ti kọ̀wé sí mi lórí ìbéèrè rẹ, torí náà bí mo bá ní "ẹ̀yin", àwọn náà ni mò ń bá wí.

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, kò sẹ́ni tó parọ́ fún ẹ. Ohun tí wọn ò yà sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí o fẹ́ rán okùn. Àwọn kan wà lórí ọkọ̀ ìgbòkun tí kì í kúrò lójú kan, àwọn ló ń di òpó mú kó má wó. Àwọn yòókù ń rìn: o ń fi wọ́n fa ìgbòkun sókè, o ń fi wọ́n dárí rẹ̀, wọ́n ń gba inú púlì kọjá, ọwọ́ ń kàn wọ́n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó dára fún èyí lè ba tọ̀hún jẹ́.

Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ máa ń kọ́kọ́ bi ni pé, "Kílò mélòó ló lè gbà kó tó já?" Èmi náà bi í nígbà tèmi. Wáyà stainless mìlímítà 4 kì í já títí ẹrù fi súnmọ́ kílò 1,400. Ọkọ̀ rẹ fúnra rẹ̀ ò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe jíjá ló yẹ kó máa gba oorun lójú ẹ. Nínà ni.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀. Odò Medway ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni ọkọ̀ tèmi wà. Ọdún kejì tí mo rà á, wáyà ẹ̀gbẹ́ kan kọṣẹ́, ilé sì jìn. Mo tú okùn ìdákọ̀ró mi, náílọ́ọ̀nù mìlímítà 12, mo fi rọ́pò wáyà. (Náílọ́ọ̀nù tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń di mọ́ínmọ́ín o.) Okùn yẹn lágbára tó wáyà náà lọ́nà méjì. Àmọ́ bí atẹ́gùn ṣe fẹ́ lu ìgbòkun báyìí, òpó bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo fa okùn náà le, atẹ́gùn tún fẹ́, ó tún nà. Ọkọ̀ kò lè kọjú sí atẹ́gùn mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi rìn bí akàn. Fún ìdákọ̀ró, nínà yẹn gan-an la ń wá, torí ó ń gba ìfàyọ ìgbì mọ́ra kí ìdákọ̀ró má baà hú. Lára òpó, ó ba gbogbo nǹkan jẹ́.

*

Ẹ ti ń bi mí léèrè nípa wáyà, torí náà ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀ dáadáa.

Bí o bá gé wáyà rẹ tí o wo ojú rẹ̀, o lè rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ 19 tí wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra. Èyí ni wọ́n ń pè ní 1x19. Ó le, kò fẹ́ràn kí wọ́n tẹ òun, kì í sì í nà púpọ̀. Òun ni ti òpó. Èyí tí wọ́n ń pè ní 7x19 ní okùn kéékèèké méje, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní irin 19 nínú. Ó rọ̀, ó ń gba orí púlì, ṣùgbọ́n ó ń nà ju ìkíní lọ, bí wọ́n sì tóbi dọ́gba, òun ló máa kọ́kọ́ já. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. "Wáyà stainless" ni gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Ka iye irin tó wà lójú rẹ̀ fúnra rẹ kí o tó sanwó.

Stainless pàápàá ní ìran. Èyí tó yẹ ojú omi ni 316, tí wọ́n fi molybdenum bí ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún sí, kí iyọ̀ má baà tètè jẹ ẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ lára síńkì tí a fi ń fọ abọ́ ní ìdáná ni 304. Ẹnìkan kọ̀wé pé òun ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dá wọn mọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì lè fi irin oníṣíǹkì hàn ẹ́, torí ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ọn gbàgbà, ṣùgbọ́n kò lè sọ 304 àti 316 fún ẹ.

Ó wá ku ẹnu tó pọ́n bí omi tíì. Ohun tó ń jẹ́ kí stainless dán ni awọ tínrín kan tí chromium inú rẹ̀ ń tẹ́ sójú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń jẹ́ kí awọ náà máa wo ara rẹ̀ sàn. Níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ ẹnu irin pọ̀ mọ́ wáyà, omi iyọ̀ ń yọ́ wọlé, ó ń jókòó síbẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì débẹ̀. Inú ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Wo ìdí tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló pọ́n: ẹnu ti ìsàlẹ̀ kọjú sókè bí ife, ti òkè dorí kodò, omi ń ro dànù lára rẹ̀. L'Ékòó, omi ọ̀sà kì í níyọ̀ púpọ̀ lásìkò òjò, òjò fúnra rẹ̀ á sì máa fọ wáyà fún ẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló léwu. Fi omi ẹ̀rọ ṣan ẹnu ìsàlẹ̀ yẹn nígbàkígbà tí o bá ti ojú omi dé. Ìgò omi kan tó.

Kí o tó ṣe ìpinnu kankan, mú òwú, fi di wáyà mú, kí o fà á láti ibi tí ọwọ́ rẹ dé lókè títí dé ìsàlẹ̀. Má fi ọwọ́ lásán ṣe é, ó lè ya ọ́ lọ́wọ́ bí abẹ. Níbi tí òwú bá há sí, irin kan ti já níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá já nínú 19, wáyà yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan lè sọ fún ẹ pé 18 ṣì kù. Ohun tó pa ìkíní ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìkejì.

*

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé òpó tiyín ti wó rí?"

Ó ti wó. Kì í ṣe wáyà ló sì fà á.

Ọ̀sán kan ni, atẹ́gùn ò le rárá. Píìnì ni wọ́n fi ń so wáyà mọ́ ara ọkọ̀, òrùka kékeré kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ sì wà nídìí píìnì náà tí kì í jẹ́ kó yọ. Okùn ìdárí ìgbòkun iwájú ti ń ha òrùka náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ń là á díẹ̀díẹ̀, mi ò wo ibẹ̀. Mo yí ọkọ̀ padà, wáyà ẹ̀gbẹ́ kan dẹ̀, píìnì yọ. Mo gbọ́ "tín," bí ẹni tó ju kọ́bọ̀ sínú àwo. Lẹ́yìn náà, òpó lọ jẹ́jẹ́ sínú omi pẹ̀lú gbogbo ìgbòkun. Wáyà ò já, píìnì ò ṣẹ́. Òrùka tí owó rẹ̀ ò tó ra búrẹ́dì ni.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òrùka píìnì kan lọ́kọ̀ mi tí mi ò fi téèpù wé. Òrùka nìkan ni o, má wé ẹnu wáyà mọ́ ọn. Omi tó bá há sábẹ́ téèpù ni àìsàn tí mo ń ròyìn rẹ̀ lókè yẹn.

*

Wáyà oníṣíǹkì. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín yín, mi ò sì wà lẹ́yìn ìhà kankan.

Àwọn tó ń pè é ní ìdọ̀tí ò mọ ìtàn. Ó pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń fi wáyà oníṣíǹkì la òkun kọjá, wọ́n á fi òróró linseed pa á lára, á sì lo ọdún púpọ̀. Ó tún ní ìwà kan tí stainless ò ní: ó máa ń kìlọ̀. Bó bá fẹ́ bà jẹ́, á kọ́kọ́ dípẹtà lójú gbogbo èèyàn, á yọ irun, á sọ aṣọ rẹ di pupa. Stainless lè máa dán títí di àárọ̀ ọjọ́ tó máa já.

Àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ darí rẹ sí kì í ṣe irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wáyà ọjà, èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, ní okùn rírọ̀ láàárín. Bí ẹrù bá fà á, àárín á fún pọ̀, wáyà á nà. O ò ní dẹ́kun àtúnfà rẹ̀. Wáyà bíréèkì ọ̀kadà tí ẹnìkan dábàá, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó bá sì fẹ́ lo irinkírin lára òpó alumíníọ̀mù: ẹ má jẹ́ kí stainless àti alumíníọ̀mù fara kan ara wọn lásán nínú omi iyọ̀. Alumíníọ̀mù ló máa ń jìyà. Á hu ẹfun funfun, ihò ṣíkúrù á gbòòrò, lọ́jọ́ kan irin á wọ́ kúrò. Rọ́bà pẹlẹbẹ tàbí ike tínrín láàárín wọn ti tó.

*

Dyneema. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pọ̀, òótọ́ sì ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Okùn ni, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí òwú, ó ń léfòó lórí omi, síbẹ̀ mìlímítà 5 rẹ̀ kọjá kílò 2,000 kó tó já. Wáyà mìlímítà 4 tó gùn ní mítà 7 wúwo ju ìlàjì kílò lọ. Dyneema mìlímítà 5, ní gígùn kan náà, ò tó giráàmù 120. Ohun tó bá wà lókè òpó ló ń fa ọkọ̀ dùbúlẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ kékeré mọ ìyàtọ̀ yẹn lára.

Ẹnìkan láti Houston ní òun ti lò ó fún ọdún mẹ́rin, kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní tòun dẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó bínú tà á. Àwọn méjèèjì jẹ́ olóòótọ́. Dyneema máa ń nà díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá wà lára rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kì í sì í padà. Bí o bá yàn án nítorí agbára nìkan, mìlímítà 3 á tó ẹ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wàá sì fi bínú. Èyí tó sanra ju ohun tí agbára ń béèrè lọ ni kí o mú, kí ẹrù má baà pọ̀ lára rẹ̀. Ó tún yẹ kí o fà á gidi lẹ́yìn tí o bá hun ún tán, kí o tó gbà pé ó ti wọ ìwọ̀n.

Nǹkan kan wà tí kò bá yín lọ́hùn-ún ṣùgbọ́n tó ń bá wa níbí. Bí òtútù bá mú, òpó alumíníọ̀mù ń súnkì, Dyneema sì ń gùn sí i. Òdìkejì irin ni. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù ilẹ̀ yìí, lórí mítà 7, ìyàtọ̀ wọn lè tó mìlímítà 6. Oṣù January ni mo máa ń bá wáyà mi (Dyneema ni, àmọ́ mo ń pè é ní wáyà síbẹ̀) tó dẹ̀ wọ̀ọ̀. L'Ékòó, ooru ò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́, àti ibi tó bá ti ń ha nǹkan. Iná sì ni ọ̀tá rẹ̀: ní nǹkan bíi 145 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti yọ́.

Ìhun rẹ̀ wá ńkọ́? Má ta kókó sí i. Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, kókó á tú tàbí kó gba ìdajì agbára rẹ̀. Ńṣe ni a ń tú ihò okùn náà sílẹ̀, a fi abẹ́rẹ́ gígùn fa ìrù rẹ̀ wọ inú ara rẹ̀ lọ. Bí o bá fa okùn náà, á fún ìrù tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, bó o ṣe ń fà á ni yóò máa le. Ìrù náà gbọ́dọ̀ wọlé tó ìlọ́po 72 ìwọ̀n okùn. Fún mìlímítà 5, sẹ̀ǹtímítà 36 nìyẹn, ní orí méjèèjì. Dín in kù, yóò jáde. Gé ìparí ìrù náà díẹ̀díẹ̀ kó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, kí ìta má baà yọ gégélé. Èyí àkọ́kọ́ tí mo hun gbà mí ní wákàtí kan lórí àga ní pálọ̀, mo tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Ní báyìí, tíì mi kì í tíì tutù tí mo fi ń parí ọ̀kan.

*

Bàbá apẹja ní Makoko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Okùn búlúù yẹn, polypropylene, ń léfòó, kò wọ́n, kò sì sí ibi tí wọn kì í tà á. Fún àwọ̀n, kò sí ohun tó dà bí ẹ̀. Oòrùn ló ń pa á: bó bá pẹ́ níta, wàá fi ọwọ́ pa á, á máa já sí ẹ lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gba Third Mainland Bridge kọjá ti rí ọkọ̀ àwọn oníyanrìn, àwọn tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà tí wọ́n sì ń fi ìgbòkun alábùlẹ̀ ràn-án-ràn-án gbé e wálé. Ẹ wo òpó wọn nígbà míì. Igi kúkúrú tó nípọn ni, okùn ara rẹ̀ ò tó nǹkan. Igi fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹrù. Kì í ṣe ọgbọ́n tálákà lásán. Ní 1960, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ díje ní ẹnì kọ̀ọ̀kan láti Plymouth lọ sí New York, atukọ̀ ilẹ̀ Britain kan, Blondie Hasler, gbé ọkọ̀ rẹ̀ Jester lọ, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 25 péré, òpó rẹ̀ ò ní wáyà kankan lára, ìgbòkun rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà. Ọjọ́ 48 ló lò, ó ṣe ipò kejì. Wáyà tí kò sí lókè kò lè dípẹtà.

Ṣùgbọ́n òpó alumíníọ̀mù rẹ tẹ́ẹ́rẹ́, àbúrò. Wọn ò ṣe é kó dá dúró.

*

Okùn tó ń rìn ò gba ariyanjiyan púpọ̀. Fún èyí tó ń fa ìgbòkun sókè, ra polyester tí wọ́n ti nà tẹ́lẹ̀, mìlímítà 8. Mìlímítà 5 lágbára tó, àmọ́ gbìyànjú láti fi ọwọ́ tútù fà á kí o wo bí yóò ṣe gé ẹ. Mítà 16 ni òpó mítà 7 máa gbà, pẹ̀lú èyí tí wàá dì mọ́lẹ̀. Okùn ìdárí, polyester rírọ̀ mìlímítà 10, nítorí ọwọ́ ìyàwó rẹ. Náílọ́ọ̀nù, rárá, àyàfi fún ìdákọ̀ró.

*

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò tíì sọ èyí tí mo máa rà."

Ó dáa. Ṣé ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹnu wáyà wà nítòsí ẹ? Kò sí, o ti sọ fún mi níkọ̀kọ̀. Ìyẹn ló pinnu rẹ̀. Bí o bá ra wáyà, òkèèrè ni wọ́n ti máa gé e, wọ́n á tẹ ẹnu rẹ̀ tán kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, bó bá sì gùn jù tàbí kúrú jù, ó ti di ẹrù ilé. Nítorí náà, fi Dyneema mìlímítà 5 ṣe ọ̀tún àti òsì, hun ún fúnra rẹ, fi òrùka irin stainless sínú ojú rẹ̀ níbi tó ti kan òpó, kí o sì fi fáìlì pa gbogbo etí mímú tó wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, wò ó. Bí irun rẹ̀ bá ti pọ̀, pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ lo hun ún, ìwọ lo máa mọ̀.

Ti iwájú, ra wáyà 316, irú 1x19, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Ìkọ́ irin ni ìgbòkun iwájú fi ń gun orí rẹ̀, ìkọ́ yẹn á sì jẹ Dyneema bí eku ṣe ń jẹ àpò gàrí. Àwọn kan ò ní gbà fún mi níbí, wọ́n á ní kí o lo ìkọ́ aṣọ. Kí wọ́n lò ó.

Bí o bá ń ṣiyèméjì, lọ sí Lagos Yacht Club, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun, láti 1932 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun rìn lórí omi Èkó. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀, kí o wo ẹnu wáyà ìsàlẹ̀ tiwọn.

Má sì tíì sọ àwọn wáyà àtijọ́ nù o. Àwọn ni òṣùwọ̀n rẹ. Kí o tó tú wọn, fi téèpù kọ "ọ̀tún" àti "òsì" sí wọn lára, ní òkè àti nísàlẹ̀. Tèmi, nígbà tí mo nà wọ́n sílẹ̀, ọ̀tún fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn ju òsì lọ, ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú mi ò sì sọ fún mi.